Páráṣúùtì Tí Mo Dì Ní Tútù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè orúkọ mi. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sínú. Ìyá mi kú, kò gbọ́ ọ. Ọkọ mi ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò mọ̀ ọ́n títí di àìpẹ́ yìí. Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí ni pé ẹni tí mo ṣẹ̀ ti ṣe mí lóore kan tí mi ò lè san láyé. Oore yẹn ló là mí lẹ́nu.

Mi ò ní kí ẹ káàánú mi. Ẹ ṣáà gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi.

Enugu ni wọ́n bí mi sí. Ọ̀fà ni bàbá mi ti wá, iṣẹ́ télọ̀ ló bá dé, ó sì ti pẹ́ níbí débi pé àwọn oníbàárà rẹ̀ ti gbàgbé pé àlejò ni. Èdè Ìgbò la fi ń ṣeré níta, Yorùbá la fi ń jẹun nílé. Tí Yorùbá mi bá ń kọsẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á dìde. Bàbá mi ló kọ́ mi ní abẹ́rẹ́. Ó máa ń fi oríkì pè mí, á ní, "Àbẹ̀kẹ́, ojú rírán ni kí o máa wò, má wo òdòdó ara aṣọ."

Abẹ́rẹ́ yẹn ló gbé mi dé ibi iṣẹ́ kan tí ẹ ò ní rò pé wọ́n ń wá télọ̀. Ní ẹ̀yìn ìlú, iléeṣẹ́ kékeré kan wà tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní awakọ̀ nínú. Kì í ṣe èyí tó ń ju bọ́ǹbù o. Èyí tí àwa ń ṣe, wọ́n ṣe é kí àwọn sójà lè máa fi kọ́ ìbọn yíyìn ni, kí ojú àti ọwọ́ wọn lè mọ iṣẹ́. Gígùn rẹ̀ tó àgbàlagbà méjì tó sùn gbọọrọ. A kùn ún ní àwọ̀ ọsàn kí ojú lè tètè rí i lókè. Ẹyẹ la máa ń pè é láàárín ara wa.

Ẹyẹ náà máa ń fa aṣọ gígùn kan lẹ́yìn. Aṣọ yẹn gan-an ni wọ́n ń yìnbọn sí. Tí wọ́n bá yìnbọn tán, ẹni tó ń darí rẹ̀ láti ilẹ̀ á tẹ bọ́tìnì kan, ẹ́ńjìnnì á kú, páráṣúùtì á jáde lẹ́yìn ẹyẹ, á là bí agbòjò ńlá, ẹyẹ á sì rọra balẹ̀ kí a lè tún un lò. Èmi ni mo ń rán aṣọ gígùn yẹn. Èmi náà ni mo ń di páráṣúùtì.

Ẹni tó ń darí ẹyẹ ni Ọ̀gá Okwudili. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni, ará Awkunanaw. Àpótí rédíò kékeré kan ló máa ń gbé kọ́rùn, àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì á máa ṣeré lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣe mí dáadáa níbẹ̀ tó ọkùnrin yìí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, àwọn ọkùnrin yòókù ń bèèrè pé kí ni obìnrin ń wá nídìí ọkọ̀ òfuurufú. Òun ló dá wọn lóhùn pé, "Ẹ fi Sista sílẹ̀. Ohun tí mo bá gbé lọ sókè, òun ló máa bá mi gbé e padà wálẹ̀." Láràárọ̀ ló máa ń ra ọ̀kpá gbígbóná méjì lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀kpá yìí ni mọ́ínmọ́ín àwọn ará Enugu. Òun á jẹ ọ̀kan, á fún mi ní ọ̀kan.

Òfin kan ló wà nípa páráṣúùtì, kò sì le. Tó bá tutù, o ò gbọdọ̀ dì í. Wàá fà á kọ́ sókè títí á fi gbẹ, wàá fọwọ́ tọ gbogbo ojú rírán rẹ̀, wàá ká a ní ipele ní ipele, lẹ́yìn náà wàá fọwọ́ sí ìwé pé o ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdí òfin náà ni pé aṣọ tó bá tutù á lẹ̀ mọ́ra. Kò ní là.

Ní ọjọ́ kan, ẹyẹ balẹ̀ sínú àbàtà. Wọ́n gbé páráṣúùtì rẹ̀ wá bá mi, omi ń kán lára rẹ̀. Mo fà á kọ́. Ìdánrawò mìíràn wà ní ọjọ́ kejì, wọ́n sì ń dúró de páráṣúùtì náà. Ojú ọjọ́ ṣú, atẹ́gùn kò fẹ́.

Ọjọ́ yẹn náà ni àǹtí àfẹ́sọ́nà mi wá láti Ìlọrin. Ó wá ṣe ìpàdé ní òtẹ́ẹ̀lì tó wà létí omi ní Nike Lake, ó sì ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fojú rí ọmọ tí wọ́n ń sọ, torí àárọ̀ ọjọ́ kejì lòun ń padà. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà yẹn. Àfẹ́sọ́nà mi pè mí lẹ́ẹ̀mẹta lórí fóònù. "Ṣé o ti kúrò níbẹ̀? Àǹtí kì í fẹ́ ẹni tó ń pẹ́ dé o."

Mo fọwọ́ kan àárín páráṣúùtì, ó ti gbẹ. Mo fọwọ́ kan ojú rírán, ó ṣì tutù. Mo dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀. Mo sọ fún ara mi pé á gbẹ nínú ẹyẹ. Mo dì í. Mo fọwọ́ sí ìwé. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Nike Lake. Àǹtí fẹ́ràn mi, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà fún mi.

Ní ọjọ́ kejì, èmi náà bá wọn lọ sí pápá ìdánrawò, torí èmi ni mo máa ń ka ihò tí ọta bá dá sí aṣọ gígùn náà. Àwọn sójà yìnbọn, wọ́n ṣe dáadáa. Ọ̀gá Okwudili yí ẹyẹ padà síhà ọ̀dọ̀ wa. Ó tẹ bọ́tìnì. Ẹ́ńjìnnì kú. Mo gbójú sókè, mo ń retí ohun funfun tó máa là.

Ohun tó jáde lẹ́yìn ẹyẹ dà bí aṣọ ìnujú tí wọ́n fún. Kò là. Ẹyẹ dorí kodò.

"Ẹ sá!" ni Ọ̀gá Okwudili ń pariwo. "Ẹ sá o!"

Ó já lu ọkọ̀ akẹ́rù àwọn sójà tí wọ́n gbé sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Ó la òrùlé ọkọ̀ náà kọjá, ó sì gún àga awakọ̀ mọ́lẹ̀.

Kò sí ẹnì kankan lórí àga náà. Sójà tó ń wa ọkọ̀ ti sọ̀kalẹ̀ lọ mu omi. Ó dúró níbẹ̀, omi inú ọ̀rá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó rí àga rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń pe Ọlọ́run ní Haúsá, kò lè dákẹ́. Títí dòní, tí mo bá kírun tán, mo máa ń dúpẹ́ pé òùngbẹ gbẹ ọkùnrin yẹn. Ká ní kò gbẹ ẹ́ ni, ìwé mìíràn ni ǹ bá máa kọ sí yín, bóyá láti ẹ̀wọ̀n.

Ọ̀gá Okwudili ló kọ́kọ́ dé ìdí ẹyẹ. Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀, tó fa páráṣúùtì jáde díẹ̀, tó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó dìde, ó wò yíká. Ojú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, ó kọjá lọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n pè wá jókòó. Àwọn ọ̀gá mẹ́ta ló ń bi wá ní ìbéèrè. Páráṣúùtì ti rin gbingbin fún epo ọkọ̀ tó fọ́, kò sẹ́ni tó lè mọ ohunkóhun lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n bi mí pé, "Nígbà tí o di aṣọ yìí, ṣé ó gbẹ?"

Mo ní, "Ó gbẹ, sà."

Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Ọ̀gá Okwudili wà lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò. Wọ́n bi í bóyá ó pẹ́ kó tó tẹ bọ́tìnì. Ó ní òun tẹ̀ ẹ́ lásìkò. Wọ́n bi í pé kí ni ẹyẹ ń ṣe lórí ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí. Ó tún tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìbìkítà rẹ̀ ló fà á. Wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Ẹnu géètì ni mo ti bá a pàdé ní ọjọ́ tó ń lọ. Fìlà rẹ̀ àti fúláàsì kan ló gbé dání. Ó ní, "Sista, máa ṣe dáadáa o." Mo díbọ́n pé mo ń wá nǹkan nínú báàgì mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo fẹ́ sọ ọ́ ní ọjọ́ kejì. Mo fẹ́ sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ìgbéyàwó dé. Lẹ́yìn náà oyún dé. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn kò bá sọ nígbà tó ṣì gbóná, bó bá tutù tán, ẹnu kì í lè gbé e mọ́.

Wọ́n fi mí ṣe olórí yàrá abẹ́rẹ́. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin ni mò ń kọ́ báyìí. Amechi ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, kẹ̀kẹ́ tó ń gbé mi wọ ìlú sì gbọ́dọ̀ gba Awkunanaw kọjá. Ẹ̀bá ọ̀nà yẹn ni Ọ̀gá Okwudili ṣí ṣọ́ọ̀bù sí, ó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọdún mẹ́jọ, tí a bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀, mo máa ń fa ìborí mi bojú, mo sì máa ń wo òdìkejì ọ̀nà. Kò sí ohun tó wà ní òdìkejì yẹn tí mi ò mọ̀. Mo mọ oníbúrẹ́dì. Mo mọ ajá onípákó. Ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nìkan ni mi ò mọ àwọ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀.

Bàbá mi ti darúgbó, ìtọ̀ ṣúgà sì ń bá a fínra. Ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ó jáde lọ ra òwú ní ọ̀sán gangan, torí kò gbà pé òun ti fẹ̀yìn tì. Mo wà níbi iṣẹ́ nígbà tí fóònù mi dún. Nọ́ńbà bàbá mi ni, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ bàbá tó ni fóònù yìí? Ó ṣubú níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. A ti gbé e dé ọsibítù. Ẹ tètè máa bọ̀."

Kò dá ohùn mi mọ̀. Èmi dá tirẹ̀ mọ̀. "Mò ń bọ̀" nìkan ni mo lè sọ.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, wọ́n ti fa omi sí bàbá mi lára, ojú rẹ̀ sì ti là. Dókítà ní ṣúgà ara rẹ̀ ló lọ sílẹ̀, pé ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ nínú oòrùn yẹn díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yàtọ̀. Ọ̀gá Okwudili jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Irun iwájú rẹ̀ ti funfun. Fìlà bàbá mi wà lórí orúnkún rẹ̀, ó ń gbọn iyanrìn kúrò lára rẹ̀.

Ó gbójú sókè, ó rí mi.

"Sista," ló wí. "Ìwọ lo ni bàbá?"

Bàbá mi ju ọwọ́ sí mi. "Àbẹ̀kẹ́, kúnlẹ̀ kí o kí ọkùnrin yìí dáadáa. Ó pọ̀n mí sẹ́yìn bí ọmọ ni o. Àwọn mìíràn ń yà mí kọjá."

Mo kúnlẹ̀. Bàbá mi rò pé ọpẹ́ nìkan ni. Ọpẹ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúnkún mi kanlẹ̀, mi ò lè dìde mọ́. Ọ̀gá Okwudili fà mí dìde, ó mú mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí bàbá má baà dààmú.

Èdè Ìgbò la fi sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, aṣọ yẹn tutù. Mo mọ̀ pé ó tutù kí n tó dì í."

Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo rò pé kò gbọ́ mi yé. Mo tún un sọ.

"Mo ní mo mọ̀, Sista. Ṣebí mo fọwọ́ kàn án. Ojú rírán rẹ̀ ṣì ń rin."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ. Ó fara ti ògiri. "Má pè mí ní ẹni mímọ́ o," ló wí. "Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi kí n má gbé ẹyẹ gba orí ibi tí ọkọ̀ wà. Lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́ kí àwọn sójà pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo gbé e gba ibẹ̀. Tí mo bá sọ pé aṣọ tutù, àwa méjèèjì la máa lọ. Mo rò ó pé kí ẹnì kan kúkú ṣẹ́kù tó mọ iṣẹ́."

Ẹkún gbé mi. Ó ní kí n nu ojú mi, pé àwọn nọ́ọ̀sì ń wò wá, wọ́n á rò pé bàbá ti kú.

Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó gún mi jù.

"Mo bínú sí ọ o. Ọdún méjì gbáko. Kì í ṣe torí aṣọ. Aṣọ lè tutù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. O ò wá kí ìyàwó mi. Oṣù tí wọ́n lé mi ló bímọ. Gbogbo wa la jọ ń jẹun níbi iṣẹ́ yẹn, kò sẹ́ni tó wá wo ọmọ. Mò ń sọ fún un pé Sista máa wá. Mo sọ ọ́ títí, mo dákẹ́."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń retí èébú. Mo ti múra sílẹ̀ dè é. Mi ò múra sílẹ̀ de ìyẹn.

Mo ní kó jẹ́ kí n lọ sí iléeṣẹ́ lọ sọ òtítọ́. Ó ní àwọn ọ̀gá mẹ́ta ọjọ́ yẹn ti lọ tán, ṣọ́ọ̀bù òun ń lọ dáadáa, òun ò sì fẹ́ gbé rédíò kọ́rùn mọ́. "Kọ́ àwọn ọmọ rẹ kí wọ́n máa sá aṣọ gbẹ," ló wí. "Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Èmi náà ń bẹ Ọlọ́run nítorí àga sójà yẹn." Ó padà wọlé lọ kí bàbá mi pé ó dàbọ̀.

Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó gbé fóònù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mò ń pè ọ́ ṣáá lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn." Kò bú mi. Ó ní òun á bá mi gbé apá kan ẹ̀bi náà. Ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe tù mí tó.

Mo kó àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin yẹn jọ, mo sọ fún àwọn náà. Bó bá dé etí àwọn ọ̀gá, kó dé etí wọn. Ọ̀kan bi mí pé, "Mà, ṣé èèyàn kú?" Mo ní rárá, a dúpẹ́. Ó lọ sídìí páráṣúùtì tó wà lórí ìkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tọ ojú rírán rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní kó ṣe é o.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo lọ kí ìyàwó Ọ̀gá Okwudili. Mo rán aṣọ fún ọmọbìnrin wọn tí mi ò lọ wò nígbà tí wọ́n bí i. Mo fojú bu gígùn rẹ̀. Nígbà tó wọ̀ ọ́, ó kúrú, orúnkún rẹ̀ ń yọ níta. Mo gbàgbé pé ọdún mẹ́jọ ń mú ọmọ ga. Mama Chidinma ni wọ́n ń pe ìyàwó náà. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní aṣọ náà dára bẹ́ẹ̀. Ó gbé àga fún mi, ó sì gbé àbàchà wá, gbágùúdá tí wọ́n fi epo àti ẹja rò, ó ní mi ò gbọdọ̀ lọ láìjẹ ẹ́.

Bí mo ti ń jẹun, ó ń sọ̀rọ̀. "Ọkọ mi yìí, èèyàn dáadáa ni, Sista. Àìfarabalẹ̀ ló pa iṣẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ! Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé ọgbọ́n orí ni kí wọ́n gbà lọ́wọ́ bàbá wọn, kí wọ́n má gba ti ìwàǹwára."

Ọ̀gá Okwudili wà lẹ́nu ọ̀nà, sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wò mí, ó mi orí díẹ̀ pé kí n má sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ìyàwó wọlé lọ bu omi, ó sún mọ́ mi. "Jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ yẹn, yẹtí rẹ̀ àti gbogbo aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ ló tà kí a lè jẹun. Tó bá gbọ́ pé mo mọ òtítọ́, tí mo sì dákẹ́ nígbà tí òun ń tà wọ́n, kì í ṣe ìwọ ló máa kọ́kọ́ bá jà."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Mo sì mọ̀ pé orúkọ tí obìnrin yẹn ń pe ọkọ rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ, èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ní ọpẹ́ púpọ̀ láti dá. Bàbá mi ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń bá mi jà pé mo tọ́jú ṣúgà pamọ́. Sójà yẹn wà láàyè níbikíbi tó bá wà. Ẹni tí mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ló pọn bàbá mi sẹ́yìn. Tí mo bá gba Awkunanaw kọjá báyìí, mi ò fa ìborí bojú mọ́, ó sì máa ń ju ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ wa.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dìde láti máa lọ ní Jímọ̀ yẹn, Mama Chidinma sìn mí dé ojú títì. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Omi wà lójú rẹ̀.

"Láti ibi iṣẹ́ yẹn," ló wí, "nínú gbogbo wọn, ìwọ nìkan lo wá kí wa. Chukwu gọzie gị. Ọlọ́run á bù kún ọ. Mi ò ní gbàgbé ẹ láéláé."

Mo ní àmín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ọpẹ́ yẹn kì í ṣe tèmi. Ẹni tó ni ín kò fẹ́ gbà á. Bí mo bá dákẹ́, mo tún ń ba orúkọ ọkùnrin náà jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo bá sọ ọ́, mo lè da ilé tó gbé ró padà rú. Mama Chidinma ti ní kí n padà wá ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí n wá wọn ọmọ náà dáadáa. Mo ti ṣèlérí pé mò ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, kí ẹ sì bá mi dá sí i: tó bá tún di ọwọ́ mi mú, kí ni kí n sọ?